Bí Mo Ṣe Tọpa Èéfín Dé Ojú Sánmà

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ Arómọyọ̀, ohùn àgbà kì í rìn jìnnà. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná kó lọ yọ igi ìdí rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lábọ̀. Èmi Ọdẹ́ránti ọmọ Ògúnmọ́dẹdé, tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́tàlá tí mo sì sá fún ẹyọ kan (ẹ má bi mí ní ti èyí tí mo sá fún), kò sí ẹran tí n kò tíì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ rí nínú igbó yìí. Àmọ́ ohun tí mo lé ní ọdún tí mò ń wí yìí kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìrù, kò sì ní ẹ̀jẹ̀. Èéfín ni.

Èmi ni Olúọ́dẹ nígbà náà, olórí gbogbo ọdẹ ìlú. Ìyàwó mi, Ẹfúnwùmí, ń mọ ìkòkò. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a máa to ìkòkò rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìnkùlé, a máa kó igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, a sì ṣáná sí i. Kí àwọn àgbẹ̀ tó dé oko, iná náà á ti rọlẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà dé, àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, èéfín kan á rọra wọ́ bọ̀, á tẹ́ sórí ìlú bí ẹni tẹ́ ẹní, kò sì ní kúrò títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́ kedere. Ojú ń ta àgbà, àyà ń ha ọmọdé. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú jù ni Ìbídùn, ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó Láwọyin ahunṣọ fi sílẹ̀ kó tó kú. Bí ọmọ náà bá mí, ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tó ti lu. Láwọyin kì í sùn mọ́. Ó ń gbé ọmọ kiri ìlú, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti dára, kò sì rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gbé e kọjá lẹ́yìnkùlé mi, ó rí èéfín tó ń rú lórí ìkòkò Ẹfúnwùmí. Ó gbé ọmọ kalẹ̀, ó mú igi, ó fọ́ gbogbo ìkòkò náà túútúú, ó sì kọrí sí ilé Baálẹ̀. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ kì í mọ ibi tí ọwọ́ òun ń bọ́ sí.

Baálẹ̀ pe gbogbo wa jọ. Ó ní: "Ọdẹ́ránti, n kò sọ pé ìyàwó rẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí èéfín níbi tí iná kò bá sí, iná ńlá kan ṣoṣo tí a sì ń rí ní ìlú yìí ni tirẹ̀. Mo fún yín ní ìtàdógún, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún géérégé. Bí ẹ kò bá fi ẹlòmíràn hàn wá, kí Ẹfúnwùmí kó ẹrù rẹ̀, kó padà sí ìlú bàbá rẹ̀."

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi kò sunkún. Ó ń ṣa àpáàdì ìkòkò rẹ̀ jọ. Ó ní: "Bàbá, bí mo bá jáde nílùú yìí pẹ̀lú orúkọ apọmọ, n kò ní padà, bí wọ́n tilẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ wúrà wá gbé mi. Ẹ máa ń sọ pé kò sí ẹran tí ẹ kò lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ tọ ti èyí." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ogún ọdún ni obìnrin náà ti ń fetí sí ìhàlẹ̀ mi, kò sì ní kí n fi hàn rí títí di ọjọ́ náà.

Mo gbé àpò, mo gbé ìbọn, mo wọ igbó. Ẹ má retí kí n máa ka odò tí mo là kọjá fún yín. Ẹsẹ̀ ọdẹ ló gbé mi dé Igbó Ikọ́. Nínú igbó náà, igi ni ń wúkọ́. Ìrókò á wú u ní ohùn bàǹtà-banta, ọ̀pẹ á dá a lóhùn ní tínínrín. Iwin tó ni igbó ń jẹ́ Kùrukùru. Ó funfun, kò ní ojú, kò ní imú, ó sì fẹ̀ ju ìlú yìí lọ.

Ó bi mí pé: "Ọdẹ, ta ni ò ń wá?"

Mo ní: "Ẹni tó ń fi èéfín pa àwọn ọmọ wa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Èmi ni mo máa ń bo àṣírí irú wọn. Ibi tí mo bá tẹ́ sí, àwọn ojú tó wà lókè sánmà kò lè rí ilẹ̀ mọ́. Padà sílé."

Bí iwin ṣe sọ àṣírí ara rẹ̀ fún mi nìyẹn láìmọ̀: ojú kan wà lókè. Mo yìnbọn sí i. Ọta wọlé níhìn-ín, ó jáde lọ́hùn-ún, Kùrukùru kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo yìn ín. Mo fa àdá yọ, mo gé e sí méjì, ó tún di ẹyọ kan. Ó wá bò mí lórí, ó wọ inú àyà mi, mo ń rì bí ẹni tó já sínú omi. Ìgbà tí agbára mi tán ni ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo fi aṣọ bo imú, mo sì ń dúró de oòrùn. Nígbà tí oòrùn fi máa gòkè dáadáa, Kùrukùru ti ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń bú mi bó ṣe ń tán lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, iye iwin tí ẹ̀yin fi ìjókòó ṣẹ́gun ńkọ́?

Láti ibẹ̀ mo dé Ìlú Atọ́kasí. Ògiri ilé wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, gbogbo wọn ni ń wúkọ́, ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún wọn sì gùn tó apá, nítorí pé wọn kò fi í ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa nà án sí ara wọn lọ. Òfin wọn ni pé àlejò kò gbọdọ̀ kọjá láìtọ́ka sí ẹni tó ń ṣe èéfín. Ẹni tí àlejò bá tọ́ka sí, wọn á lé onítọ̀hún jáde. Wọ́n ti lé ìdajì ìlú lọ, èéfín kò dín. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ní: "Tọ́ka." Ìyá arúgbó kan ń wò mí, ẹ̀rù ń bà á, ó dà bíi pé ó mọ̀ pé orí òun ni ìka àlejò á bọ́ sí.

Èmi Ọdẹ́ránti na ìka mi sókè. Gbogbo wọn gbójú sókè tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, ẹnì kankan nínú wọn kò wòkè rí, nítorí ara wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí sánmà, wọ́n rí àṣá tó ń rà bàbà, ẹnu yà wọ́n. Ìyá arúgbó náà ní òun kò mọ̀ pé ibẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń wò ó, mo yọ́ jáde.

Lẹ́yìn odi ìlú wọn ni mo ti pàdé Bàbá Ọyẹ́, tó jókòó lórí ẹrù erùpẹ̀ rẹ̀ tó ń sinmi. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ bẹ́, ara rẹ̀ ń dùn ún. Ó ní: "Ìwọ náà fẹ́ nàka sí mi, àbí? Láti aṣálẹ̀ ni mo ti ń bọ̀, erùpẹ̀ ni mo sì rù. Bí ètè yín bá bẹ́, èmi ni. Bí ẹsẹ̀ yín bá sán, èmi ni. Ṣùgbọ́n n kò dáná rí láyé mi, òtútù ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan wà lókè tí wọ́n mọ erùpẹ̀ mi yàtọ̀ sí èéfín yín. Di irùngbọ̀n mi mú kí n gbé ọ lọ bá wọn."

Mo dì í mú, a gbéra. Àwọn kan ń sọ pé mo kígbe lójú ọ̀nà. Ta ló wà níbẹ̀? Ohùn mi lásán ló ga díẹ̀.

Ibi tí kò sí ẹyẹ mọ́, tí ọ̀run dúdú lọ́sàn-án gangan, ni mo ti rí obìnrin kan tó ń sáré bọ̀. Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, apá rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ń mu oòrùn bí ọmọ ṣe ń mu ọmú. Ojú kan ṣoṣo tó ní wà ní ikùn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá síbí lọ́dún méjì sẹ́yìn ní sátẹ́láìtì ni à ń pe irú rẹ̀, pé ènìyàn ló ṣe é, tó sì jù ú sókè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi bá a sọ̀rọ̀, àwọn kò bá a sọ̀rọ̀. Asáréyíká ni ó pe ara rẹ̀.

Kò dúró, èmi ni mo ń sáré bá a lọ. Mo ní: "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Báwo lẹ ṣe ń mọ èéfín láti ibi tó jìnnà báyìí?"

Ó ní: "Oòrùn ń da ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà á kan ilẹ̀, á padà gòkè wá bá mi. Mo ní ajọ̀ kan nínú ojú mi tí mo fi ń sẹ́ ẹ. Bí àwọ̀ kan bá dín nínú èyí tó padà, mo mọ̀ pé nǹkan ló jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Èéfín ìgbẹ́ ní èyí tó ń jẹ, èéfín mọ́tò ní tirẹ̀, erùpẹ̀ Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀."

Mo ní: "Ó yé mi. Bí mo bá bá òkú ìgalà nínú igbó, tí ọ̀fun rẹ̀ ya, mo mọ̀ pé ẹkùn ni. Bó bá jẹ́ itan ni wọ́n fà ya, ìkookò ni. N kò ní láti bá a lẹ́nu oúnjẹ."

Ó yí ojú rẹ̀ wò mí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní: "Ọdẹ ni ọ́ lóòótọ́." Ẹ gbọ́ ọ, kì í ṣe èmi ló sọ ọ́.

Nígbà tí a dé ojú sánmà tó wà lórí Arómọyọ̀, ó ní kí n wolẹ̀. Lẹ́yìn Òkè Abàdà, níhà ìlà oòrùn, mo rí ibi mẹ́rìnlá tí èéfín ti ń rú. Mo mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àwa ọdẹ ti ń sun ìgbẹ́ lọ́dọọdún láti lé ọ̀yà jáde. Ibi méjì péré la máa ń sun, ṣùgbọ́n ọ̀yà pọ̀ lọ́dún náà, èmi ni mo sì ní kí wọ́n sun mẹ́rìnlá. Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdẹ ṣe ń ṣe é. Lọ́sàn-án gangan, kí a tó ṣáná, Olúọ́dẹ á bu eérú, á dà á sókè. Bí eérú bá fẹ́ lọ sí ìhà tí kò sí ìlú, a ó ṣáná. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó padà sílé. Bàbá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. N kò fo ọjọ́ kan rí.

Bí mo sì ṣe ń wò ó láti òkè sánmà, èéfín wa kọ ẹ̀yìn sí ìlú, ó ń lọ sí aginjù. Ẹ̀yìnkùlé mi náà mọ́ tónítóní. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní: "Ìyá, ẹ ṣeun. Kì í ṣe ìyàwó mi, kì í ṣe àwa náà. Mo ń lọ sílé lọ ròyìn."

Asáréyíká ní: "Má kánjú. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo ń kọjá lórí ìlú yín, nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àtàrí. Ìgbà wo ni ìyàwó rẹ máa ń ṣáná?"

Mo ní: "Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni."

Ó ní: "A jẹ́ pé n kò rí i rí. Ẹni tí kò sí nílé kò lè jẹ́rìí pé olè kò wọlé. Lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Ajókòówòye. Ojú rẹ̀ kò mú tó tèmi, ṣùgbọ́n kì í kúrò lójú kan."

Mo dúró, mo ro ó. Bí mo bá gbé ohun tí mo ti rí padà sílé, orúkọ tèmi mọ́, ti Ẹfúnwùmí kò mọ́. Mo tún di irùngbọ̀n Ọyẹ́ mú títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, Asáréyíká sì jù mí sókè ní èyí tó kù.

Ajókòówòye jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi kéré bí ọsàn níwájú rẹ̀. Ó ní: "Ṣé o rò pé mo jókòó? Ayé ń yí, èmi náà ń bá a yí, kí ojú mi má baà kúrò lára yín. Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran." Lójú rẹ̀, ilé kò yàtọ̀ sí ilé, ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń wo ibì kan náà, ó sì ń rántí.

Ó fi ọjọ́ kan tó ti kọjá hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní òwúrọ̀, bí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe kan Arómọyọ̀, èéfín ti wà lórí rẹ̀ nílẹ̀, kí Ẹfúnwùmí tó ṣáná rárá. Lọ́sàn-án, èéfín tiwa kọ ẹ̀yìn sí ìlú bí mo ti rí i. Ìrọ̀lẹ́ wá dé. Òkè Abàdà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, atẹ́gùn yí padà, ó ń gba orí òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì tí ìlú wà. Mo mọ̀ pé àwọn kùkùté tí a fi sílẹ̀ ṣì ń jó lábẹ́nú níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, èéfín wọn sì tẹ̀ lé atẹ́gùn náà wọ ìlú. Àwa ọdẹ ti ru ọ̀yà délé nígbà náà. A ń jẹun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Ẹfọ̀n ti fi ìwo kàn mí láyà rí, n kò gbọ̀n. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ̀n. Ọyẹ́ mẹ́ta ni mo ti ń da eérú lọ́sàn-án, tí mo ń yin ara mi, tí n kò bi ara mi léèrè rí ohun tí atẹ́gùn ń ṣe nígbà tí mo bá ti kẹ́yìn sí i.

Mo bi í pé: "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?"

Ó ní: "Iná ìyàwó rẹ kéré jù fún ojú mi, n kò lè búra pé kò lọ́wọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín ńlá yẹn, tìrẹ ni. Àbúrò mi rí iná, n kò rí i. Èmi rí ìyípadà atẹ́gùn, kò rí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Síbẹ̀, má gbà wá gbọ́ lásán. Ẹni tó wà nílẹ̀ ni yóò fi imú ara rẹ̀ bá wa jẹ́rìí sí i. Lọ dúró lórí òkè yẹn ní ìrọ̀lẹ́, kí o da eérú rẹ."

Ọyẹ́ sọ̀ mí kalẹ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n sọ pé ìlú mìíràn ló fà á, pé ta ló máa lọ sókè lọ wò ó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún ni mo wọlé. Ẹrù Ẹfúnwùmí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi okùn dì í pinpin. Baálẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú èrò. Láwọyin pọn Ìbídùn, ètè ọmọ náà ti ń dúdú bí aró. Ìyàwó mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní: "Ẹ pẹ́."

Mo ní: "Mo pẹ́, ṣùgbọ́n mo lé e dé ihò rẹ̀. Baálẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo wa jọ gun Òkè Abàdà."

Nígbà tí adìẹ ń wọ̀, a ti wà lórí òkè. Níwájú wa ni ojú iná mẹ́rìnlá, lẹ́yìn wa ni ìlú. Mo kọjú sí iná, mo bu eérú kún ọwọ́ méjèèjì, mo dà á síwájú bí mo ṣe máa ń ṣe. Eérú padà rọ́ mi lójú. Ó kún irùngbọ̀n Baálẹ̀, ó kọjá lórí wa, ó forí lé ìlú. Kò pẹ́ tí èéfín fi tẹ̀ lé e, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ níbi tí a dúró sí.

Baálẹ̀ nu ojú rẹ̀. Ó ní: "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀."

Mo ní: "Láwọyin, ẹni tí ò ń wá rèé. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣáná síbi mẹ́rìnlá."

Ó di ẹ̀wù mi mú lọ́rùn. Mo dúró, nítorí ó tọ́ sí mi. Nígbà tó yá, ó fi mí sílẹ̀. Ó ní: "Bàbá, ẹ ò bá ti dákẹ́."

Mo ní: "Bí mo bá dákẹ́, ìyàwó mi á lọ, ọmọ rẹ á sì máa wúkọ́."

Àwọn ọdẹ mi fajú ro, wọ́n ní ebi ni mo fẹ́ fi pa ìdílé àwọn. Mo ní kí wọ́n padà sí ẹ̀bìtì àti ajá, bí ẹran tilẹ̀ máa dín. Ó sì dín, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ọdún náà, ẹ̀fọ́ la jẹ jù. Mo ṣí fìlà Olúọ́dẹ, mo gbé e síwájú Baálẹ̀. Ó ní kí n gbé e dé, pé ẹni tó ní kí wọ́n dáná ni yóò ṣáájú àwọn tí yóò pa iná náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ru omi, tí a fi wa yẹ̀pẹ̀ bo kùkùté. Láwọyin náà bá wa wà á. Baálẹ̀ sì fi òfin dè é pé láti ọjọ́ tí ọyẹ́ bá dé títí di òjò àkọ́kọ́, a kò gbọdọ̀ sun ìgbẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n Ẹfúnwùmí kò tú ẹrù rẹ̀. Mo ròyìn gbogbo ohun tí mo rí fún un, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní: "Àwọn ìyá òkè yín kò búra fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ fúnra mi bóyá iná mi lọ́wọ́ nínú rẹ̀." Ó kó ibi ìṣáná rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé, ó gbé e lọ sí òdìkejì odò, ó ń ṣáná níbẹ̀ láràárọ̀. Bó bá ti délé, á fo ẹrù náà kọjá lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò rí i. Lóròòru ni mò ń dìde lọ wò bóyá ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Láwọyin fa Ìbídùn lọ́wọ́ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ní tirẹ̀ tọ ẹrù lọ, ó bi ìyàwó mi pé: "Ìyá, kí ló wà nínú èyí?"

Ẹfúnwùmí ní: "Aṣọ mi."

Ó ní: "Ṣé kí n tú u?"

Ìyàwó mi jókòó tì í, ó tẹ etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọmọ náà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní: "Tú u, ọmọ mi." Kókó okùn náà le, Ìbídùn sì fi eyín já a.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti padà délé. Ìbídùn náà ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, tó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ: ó ní irọ́ ni mo pa, pé ọwọ́ lòun fi tú okùn náà, kì í ṣe eyín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe já gaara.